Ẹni Tó Ń Kà Kò Lẹ́nu

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ilé, ẹ kú sùúrù tí ẹ fi ń bá Ìyá mi gbé. Mo kí Ìyá mi náà, kí wọ́n tó bínú sí gbólóhùn tó ṣáájú. Mo kí gbogbo àwọn tó wà ní ọgbà búlọ́ọ̀kù, mo sì kí Akọ̀wé ilé kejì kí wọ́n má bàa ní mo fo àwọn. Èmi wà láàyè, ara mi sì le, àfi òtútù ibí yìí tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ẹ ti sọ pé lẹ́tà ni kí n máa kọ, pé tẹlifóònù a máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà. Ìròyìn tó wà lọ́wọ́ mi nìyí: mo ti ríṣẹ́.

Ilé ẹrù ńlá kan ni, àwo àti ife nìkan ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá dúró sí ìpẹ̀kun kan, bí èèrà ni yóò rí lójú ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì. Pẹpẹ irin ló kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé; páálí ló wà lórí pẹpẹ, àwo ló wà nínú páálí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ka àwọn páálí náà láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó wá kó wọn, kí n kọ iye wọn sílẹ̀, kí ìwé tèmi àti ìwé ọ́fíìsì sì bá ara wọn mu. Káúǹtì ni wọ́n ń pè é. "Lọ káúǹtì." "Ṣé o ti káúǹtì?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán ènìyàn wò. Ọ̀gá wa, obìnrin gíga kan tó máa ń rin gbogbo ilé ẹrù já láràárọ̀, ni yóò sọ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin bóyá kí n dúró tàbí kí n lọ. Bí mo bá lọ, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló lọ, nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n lẹ ìwé tí mo fi ń gbé ìlú wọn mọ́. Ẹ ó kàn rí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí mi ni.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún àdúgbò pé mo ti di ọ̀gá oníṣirò. Páálí ni mo ń kà. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí ilé ẹrù, torí mo lè kó kúrò ní yàrá tí mo wà nígbàkúùgbà. Onílé mi kò fẹ́ràn bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni,
Àbígbẹ̀yìn yín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Àbígbẹ̀yìn mi,

Lẹ́tà rẹ dé, a sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi kà á. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi ó tún un kà, nítorí kò gbà pé mo kà á délẹ̀. Akọ̀wé sì kà á sókè, kí àwọn tó ń kọjá lọ lè jẹ nínú rẹ̀. Gbogbo wa ń kí ọ.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé páálí ni wọ́n ní kí o máa kà, inú mi kò dùn. Mo ní, ọmọ tí mo rán níléèwé títí bàtà fi jẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀! Ṣé kò sí ẹni tó lè ka páálí níbẹ̀ kó tó di pé ọmọ mi wọ bàálù ni? Akọ̀wé ló tù mí nínú. O mọ̀ pé ọdún márùndínlógójì ló fi tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé tí ẹlòmíràn kọ, kò sì tíì gbàgbé. Ó lọ gbé ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ wá, èyí tó wúwo tó ọmọ oṣù mẹ́fà. Ó fọ ọwọ́, ó wọ awò, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí gbogbo wa dákẹ́. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní káúǹtì yẹn, ìtumọ̀ mọ́kànlá ló ní. Èkíní, kí ènìyàn mọ iye nǹkan. Èkejì, kí a fi nǹkan kún nǹkan, bí ìgbà tí a bá ní ẹni mẹ́fà ló wà nílé bí a bá ti mú ìyá àgbà mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, kí nǹkan ní láárí. Ẹ̀kẹrin, kí a gbójú lé ẹnìkan. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹta, ó yọ awò, ó ní, "Ẹ ò rí i báyìí? Iyì wà nínú iṣẹ́ ọmọ yín láti inú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wá."

Mo ní èdè tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ń ka owó ẹyọ, a ń ka ìwé, a ń ka ènìyàn sí, a sì ń ka ẹlòmíràn kún aláìmoore. Ó ní kò jọra, pé tiwa kò sí nínú ìwé. Mo ní ẹnu tí a fi ń sọ ọ́ ńkọ́? Ó ní àkókò oògùn òun ti tó.

Ní ti àdúgbò tí o ní kí n má sọ fún, lẹ́tà rẹ pẹ́ kó tó dé. Mi ò sì pè ọ́ ní ọ̀gá oníṣirò. Ẹni tí a ń kà sí ni mo pè ọ́.

Iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, ṣe é bí a ṣe ń ṣe é nílé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi mọ búlọ́ọ̀kù, lọ́rì kan kò sì padà wá sọ pé ó dín, àyàfi ẹ̀ẹ̀kan, ìwọ náà sì mọ ẹ̀ẹ̀kan yẹn. Má jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìyá rẹ ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó tún ní kí o rọra máa ti ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Bàbá rẹ,
Oníbúlọ́ọ̀kù tó fẹ̀yìntì tí kò tíì jókòó


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ kú ìtumọ̀ mọ́kànlá. Ẹ bá mi sọ fún Akọ̀wé pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Níbi iṣẹ́ mi, bí wọ́n bá fẹ́ lọ mu tíì, ẹni tó fẹ́ bá wọn lọ á ní kí wọ́n káúǹtì òun mọ́ ọn. Bí àwo bá fọ́ kí ọkọ̀ tó dé, wọ́n á ní kò káúǹtì. Èmi ni mo sì máa ń gbá àwo tí kò káúǹtì náà.

Iye mi ń pé. Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kà, ìwé mi kò tíì yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì rí. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé páálí sókè, tí gbogbo wa ń pè ní Agbẹ́rùmáfọ́, ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹni tó ṣe é ṣáájú mi máa ń fi mẹ́ta-mẹ́rin dín, á sì ní eku ló jẹ ẹ́. Eku wo ló ń jẹ àwo?

Ohun kan ló wà nílẹ̀. Bí ìdánwò bá dé ìdajì, Ọ̀gá máa ń fún ènìyàn ní ìwé kan láti fi bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí hàn án. Tèmi dé lánàá. Apá òkè dára gan-an. Nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé n kì í kí ènìyàn. Pé wọ́n ti kí mi ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀, n kò sì dáhùn, àfi bíi pé wọ́n ń kí ògiri. Wọ́n ní bí kò bá yí padà, àwọn kò lè gbà mí dúró, nítorí ilé ẹrù kì í ṣe ilé òkú.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe jẹ́, Bàbá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin kò jìnnà mọ́.

Àbígbẹ̀yìn yín


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

N kò kí ọ.

Ẹni tí kì í kíni, kí la fẹ́ máa kí i fún? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, torí náà ó kí ọ, tirẹ̀ nìyẹn.

Ìwọ! Nínú ilé yìí! Ìwọ tí o ti ń kúnlẹ̀ kí o tó mọ̀ ọ́n rìn, tí o kúnlẹ̀ kí ewúrẹ́ aládùúgbò lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí! Ẹnìkan jí láàárọ̀, ó ju ìyá rẹ lọ lọ́jọ́ orí bóyá, ó fi ẹnu ara rẹ̀ kí ọ, o wá wò ó bí ẹni wo ògiri? O tún ń sọ fún mi pé mo mọ bó ṣe jẹ́. Kí ni mo mọ̀? Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò bí odi.

Ìyá rẹ ní kí n fara balẹ̀, pé ó ní láti nídìí. Mo ní ìdí wo? Òtútù ni? Òtútù kì í di ahọ́n. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn ti dé, n kì í gba iwájú ilé àwọn tí mo sọ fún pé a ń kà ọ́ sí kọjá mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà, kòtò omi ibẹ̀ sì ti ba bàtà mi jẹ́.

Ṣùgbọ́n bàbá kì í fi ọmọ sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo ti tọ Akọ̀wé lọ. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko kọ lẹ́tà kan sí Ọ̀gá rẹ ní èdè wọn. Ó ní àwọn ènìyàn ńlá kì í ka ọ̀rọ̀ kúkúrú sí, torí náà gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti kúrú ló yọ jáde, tó lọ sínú ìwé atúmọ̀-èdè lọ mú èyí tó gùn wá dípò rẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ìdílé wa wà nínú ìbànújẹ́ tí kò láfiwé. Pé orí wa tẹ̀ ba. Pé ohun tí a fi ọdún púpọ̀ tọ́ ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Pé kí wọ́n bá wa fara dà á ní àkókò ìdánwò yìí. Ó fi ìlà dúdú yí etí ìwé náà ká kó lè níyì, ó sì tẹ òǹtẹ̀ pupa mẹ́ta lára àpò rẹ̀. Mi ò mọ ibi tó ti rí òǹtẹ̀. Àdírẹ́sì ilé ẹrù tí o fi ránṣẹ́ ni a kọ sí i. Ọkọ̀ lẹ́tà kan náà ló ń gbé tirẹ̀ àti tiwọn bọ̀.

Bí o bá ti rí èyí, lọ kúnlẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ lórí páálí láti kọ èyí, nítorí náà ẹ gbà mí pé mo ti kí yín.

Ẹ ò bá ti dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo kọ ọ́ pé ẹ mọ bó ṣe jẹ́, mo rò pé ẹ ó rántí lójú ẹsẹ̀. Aago mẹ́jọ ni Ọ̀gá máa ń kọjá. Láti aago méje ààbọ̀ títí di mẹ́sàn-án ni mo máa ń kà. Inú ni mo ti ń kà á, ní èdè wa, nítorí èdè tiwọn kì í yá márùn-ún lára ogún kó tó dé ẹ̀ẹ́dógún, ó sì máa ń sú mi. Ọ̀gá á ní ẹ káàárọ̀. Èmi á sì wà lórí àádọ́rin ó lé mẹ́ta.

Ta ló sọ fún mi pé ẹni tó ń kà kò lẹ́nu? Ta ló ní bí ọba bá ń kọjá lọ, kí ọba dúró dìgbà tí mo bá kà tán? Mo ti gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án ni mo wá mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí kọngílá tó ń kọ́lé wá kó ọ̀ọ́dúnrún búlọ́ọ̀kù, tó padà dé lọ́jọ́ kejì pé mẹ́tàdínlógún dín. Níwájú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́, ẹ ní mo dáhùn ìkíni rẹ̀ ni, pé ẹnu mi ló gbé búlọ́ọ̀kù mẹ́tàdínlógún lọ. Ẹ ní kí n tún gbogbo òkìtì tó wà nínú ọgbà kà. Oòrùn mú mi títí ojú mi fi ń ṣú. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń pè mí ní Mẹ́tàdínlógún nínú ọgbà.

Ẹ má ṣe rò pé n kò gbìyànjú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi agídí ya ẹnu mi, mo sì dá Ọ̀gá lóhùn. Iye tó wà lórí mi tú ká bí adìyẹ tí a ju òkò sí. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ méjì dúró níta, awakọ̀ wọn ń fọn fèrè. Lọ́jọ́ kejì mo ní kí n kàn mi orí. Agbẹ́rùmáfọ́ rò pé òun ni mo ń mi orí sí, ó gbé ogún páálí wá sójú ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán.

Ẹ ó ní kí ni kò jẹ́ kí n ṣàlàyé fún Ọ̀gá. Kí n sọ pé kí ni? Pé bàbá mi ni kò jẹ́ kí n kíni? N kò lè fi yín ṣe àwáwí lójú àlejò. Ẹ̀yin lẹ gbé òfin yìí lé mi lórí. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín, kí ẹ ní mo lè lanu. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù. N kò mọ̀ọ́mọ̀ mú iye yẹn o.

Àpò lẹ́tà Akọ̀wé ti dé. Mo rí i lórí tábìlì ọ́fíìsì nígbà tí mo lọ mú ìwé mi, òǹtẹ̀ mẹ́ta náà ń tàn bí iná ọkọ̀. Wọn kò tíì tú u.

Àbígbẹ̀yìn yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni mo kọ èyí fúnra mi, torí náà má wá ọ̀rọ̀ tó gùn níbẹ̀. Mo kí ọ títí, mo kí ọ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kẹjọ. Bàbá rẹ kà á lórí ìdúró, ó jókòó, ó tún un kà. Akọ̀wé wá bèèrè bóyá lẹ́tà òun ti ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ wò ó, kò dá a lóhùn. Akọ̀wé ní ṣé ẹ ń ka nǹkan lọ́wọ́ ni.

Ọgbà búlọ́ọ̀kù ló ń lọ láràárọ̀, á jókòó sórí garawa tó dojú dé ilẹ̀, á máa wo ibi tí lọ́rì máa ń dúró sí. Mo ní kó kọ gbólóhùn kan tí o bèèrè. Ó ní kì í ṣe gbólóhùn kan ló wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ ló yẹ kó ti jáde.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí kò ní bá ọjọ́ rẹ. Bí wọ́n bá ní kí o máa bọ̀, máa bọ̀. Ilẹ̀kùn ibí kò ní onílé.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú èyí tó bá yín. Àná ni ọjọ́ pé. Ẹ ní sùúrù kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí mo kọ̀wé sí yín, Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Mo wọlé, mo rí lẹ́tà Akọ̀wé tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìlà dúdú rẹ̀. Ọ̀gá dìde. Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n fi mí jókòó, wọ́n bu tíì fún mi, wọ́n ní àwọn kẹ́dùn gidigidi. Wọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé, bàbá ni àbí ìyá?

Mo ní kí ló ṣe wọ́n?

Wọ́n ní lẹ́tà náà kò dárúkọ ẹni tó kú, ṣùgbọ́n àwọn rí i pé òkú ńlá ni. Wọ́n ní kí n gba ọjọ́ méjì lọ fi ṣọ̀fọ̀.

Bàbá, mo mọ̀ pé Akọ̀wé ló kọ ọ́. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ ti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Síbẹ̀, nígbà tí ènìyàn bá di ẹni lọ́wọ́ mú báyẹn, orí a máa fò. Mo ní bóyá lẹ́yìn tí ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ ni nǹkan ṣẹlẹ̀, tí lẹ́tà mìíràn sì dé. Mo bú sẹ́kún. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Inú omijé yẹn ni mo ti rí òǹtẹ̀ pupa, tí mo sì rí ibi tí Akọ̀wé fọwọ́ sí, tó gba ìdajì ojú ìwé. Mo nu ojú. Mo ní ẹnikẹ́ni kò kú, ẹ̀bẹ̀ ni.

Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ kí ni? Wọ́n sì ti sunkún tán, wọn ò ní gbà kó jẹ́ lórí òfo. N kò rí ọ̀nà àbáyọ mọ́. Mo fi yín ṣe àwáwí lójú àlejò, ẹ forí jì mí. Mo sọ ti ẹnu àti ti kíkà, mo sọ pé nílé wa bí ọba bá ń kọjá, kí ọba dúró. Wọ́n ní, "Èmi kì í ṣe ọba, ṣùgbọ́n aago méje àti ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ni mo máa ń dé ọ́fíìsì. Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà nígbà yẹn?"

Mo ní rárá.

Láti ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí n tó mú ìwé mi. Mo ń kí wọn bó ṣe yẹ kí a kí ènìyàn. Ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa, ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lánàá ti fúyẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àtẹ̀gùn ọ̀nà, ẹ kú iṣẹ́ àná, ẹ kú ìmúra tòní. Mo kí Agbẹ́rùmáfọ́ bẹ́ẹ̀ náà, ó ní kò sí ẹni tó bèèrè ìyá òun lọ́wọ́ òun láti ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń pa ẹnu dé, tí mo ń kà.

Àná ni wọ́n fún mi ní ìwé ìkẹyìn. Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kí n dúró. Nísàlẹ̀, níbi tí ti àkọ́kọ́ wà, wọ́n kọ ọ́ pé iye mi pé, àmọ́ ó ku díẹ̀ kí n máa kí ènìyàn jù, kí n rọra dín in kù.

Ìwé tí mo fi ń gbé ìlú wọn di ti ọdún méjì.

N kò tíì rí èsì yín. Mo dúró dè é.

Àbígbẹ̀yìn yín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Àbígbẹ̀yìn mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọ fún èyí tí n kò kí ọ lóṣù kẹta pẹ̀lú.

A gbọ́ pé wọ́n gbà ọ́. Ìyá rẹ jó yí àgbàlá ká. Akọ̀wé ní lẹ́tà òun ló ṣe é, n kò sì já a níyàn, nítorí kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Akọ̀wé kò mọ̀ sí èyí tí mò ń kọ yìí. Ìdí nìyẹn tí kò fi gùn.

Ìwọ kọ́ lo gbé búlọ́ọ̀kù mẹ́tàdínlógún lọ. Èmi ni. Ìwọ wà ní ìdí òkìtì, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì, èmi ló sì yẹ kó sọ pé ó kún. Kọngílá ń sọ ìtàn àna rẹ̀ kan tó jókòó lórí símẹ́ńtì tútù. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di lọ́rì mú. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn agbẹ́rù ti dúró, wọ́n ń wò mí, mo sì ní kí wọ́n máa lọ. Lọ́jọ́ kejì tó padà dé, gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà ló pé jọ. Mo wá ẹni tí n ó di ẹ̀bi náà rù. Ìwọ lo kéré jù níbẹ̀, ìwọ sì ni o kò ní já mi níyàn.

Mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ọ lọ́dún tí o wọ iléèwé gíga. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní pápá bàálù, ẹrù rẹ ló wúwo jù tí wọ́n ń dá ọ dúró. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ lálẹ́ àná. Ó ní òun ti mọ̀, kọngílá ti sọ ọ́ fún òun láti ọjọ́ tó pẹ́.

Akọ̀wé ní ìtumọ̀ kẹrin ọ̀rọ̀ yẹn ni kí a gbójú lé ẹnìkan. Èmi ni o gbójú lé lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí o mọ̀ pé n kò tó ẹni tí a ń gbójú lé.

Lanu rẹ, ọmọ mi. Ìgbà yòówù.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín bí ọkùnrin, kí ẹ lè mọ bó ṣe tó.

Àsìkò tíì ni lẹ́tà yín dé. Mo kà á lórí páálí kan, Agbẹ́rùmáfọ́ ní ṣé kò sí o, ojú mi rí bákan. Mo ní kò sí, bàbá mi ló kí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ní kí n lanu. Mo ti mọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni mo ti mọ̀. Kọngílá kí mi lóòótọ́, ó ní ìyàwó òun kékeré, báwo ni; n kò dá a lóhùn. Mo ń kà. Gbogbo èyí tó ń kúrò nínú òkìtì ni mo ń kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé èyí tó kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ ní kí lọ́rì máa lọ, ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́tàdínlógún ló wà lọ́wọ́ mi. Iye tèmi kò yẹ̀. Mo wò yín. Ẹ̀ ń nu omi ẹ̀rín lójú. Mo ní bóyá ẹ ó bi mí ní iye tó wà lọ́wọ́ mi, mo tún un sọ nínú kó má bàa bọ́ lọ. Mo di í mú bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ kò bi mí. Ibi tí ó dùn mí jù nìyẹn, kì í ṣe oòrùn.

Ó ti tán nínú mi. Níbí, bí mo bá ti kà tán, Ọ̀gá á jáde wá, wọ́n á dúró níwájú mi, wọ́n á ní, "Mélòó ni?" Wọ́n á sì dákẹ́ kí n sọ ọ́.

Àbígbẹ̀yìn yín